Ohun Tó Wà Nínú Ẹ̀wà Safiyat

Ní ọdún tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún títì, ní àárọ̀ Àtàláátà kan, Safiyat tú ẹnu àpò ẹ̀wà rẹ̀ ní ọjà Ìpàta. Kòkòrò ń rìn kiri lójú ẹ̀wà bí ẹni tó ni ìsọ̀.

Àyà rẹ̀ já. Tó bá di Àlàhádì, ìyàwó Àfáà Àbdùlsàlámì ń bọ̀ wá gbé odindi àpò náà, kó fi se oúnjẹ wòlímọ̀ àwọn ọmọ kéwú.

"Kí lo wá ń wò?" Lami, aládùúgbò rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà, bi í. "Lọ sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn tó wà ní àdúgbò Pósófíìsì, ra oògùn tí wọ́n ń fín sórí kòkó. Ìdérí kan péré, gbogbo wọn á kú."

"Ṣé ènìyàn á lè jẹ ẹ́?"

"Ṣé wọn ò ní fọ̀ ọ́ ni? Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́, ṣé òkú ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

Safiyat mú ọ̀nà pọ̀n. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù olóògùn tí òjò fi dé, ló bá sáré bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan. Láti ojú fèrèsé, ó rí labalábá kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó ń dán bí aṣọ etù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ó gbàgbé òjò, ó wọlé.

Ilé àkójọ kòkòrò ni, tí wọ́n kó òkú wọn jọ fún ẹni tó bá fẹ́ wò. Inú àpótí onígíláàsì ni wọ́n tò wọ́n sí: lámilámi tí ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, tata, àkekèé tó ká ìrù sókè, aláǹtakùn onírun. Safiyat dúró, ó ń ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn.

"Mẹ́jọ ni, Ìyá," Hadiza, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, wí. "Kòkòrò gidi, mẹ́fà ni tirẹ̀."

"Gbogbo bí mo ṣe ń fi ìgbálẹ̀ pa á tó, mi ò kà á rí."

Nínú àpótí tó kẹ́yìn ló ti rí kòkòrò ẹ̀wà.

"Ẹ̀yin lẹ wá gbé olè mi pamọ́," ó wí.

Hadiza rẹ́rìn-ín, ó gbé díńgí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá fún un. Ìwo orí kòkòrò náà rí ṣóńṣó-ṣóńṣó bí eyín ayùn, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àmì bí ẹni fi abẹ́rẹ́ ṣe iṣẹ́ sí i.

"Ó mà rẹwà," Safiyat wí jẹ́jẹ́.

"Láti oko ló ti ń yé ẹyin sára ẹ̀wà. Ọmọ rẹ̀ á lu ẹ̀wà wọlé, á máa jẹ ẹ́ láti inú títí á fi dàgbà. Èyí tí ẹ ń rí lójú àpò kì í jẹ ẹ̀wà mọ́. Ó ti jẹ tirẹ̀ tán."

"Oògùn kòkó tí mo fẹ́ lọ rà ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Hadiza. "Májèlé ni, Ìyá. Á wọ inú ẹ̀wà lọ. Omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, iná ò lè sè é jáde. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

"Ogójì ọmọ kéwú." Safiyat wá ibi jókòó.

Nígbà tí òjò dá, Ìpàta ló padà sí. Láti ọjọ́ Àlàrùba ló ti ń sá ẹ̀wà sórí ẹní nínú oòrùn, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń ṣa èyí tó lu sọnù.

"Àfáà kòkòrò," Lami ń pè é.

Nígbà tí ìyàwó Àfáà Àbdùlsàlámì dé ní Àlàhádì, Safiyat ò fi nǹkan kan pamọ́. "Ẹ̀wà yìí ti ní kòkòrò o, Àlájà. Mo ti fẹ́ ẹ, mi ò fi oògùn kankan sí i."

Obìnrin náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó gbóòórùn rẹ̀. "Gbé e fún mi. Èyí tí kòkòrò ò lè sún mọ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

Àwọn ọmọ kéwú jẹ ẹ̀wà náà yó. Kò sí ẹni tí inú run.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má ṣe da oògùn oko sí oúnjẹ. Ẹ sá ẹ̀wà kó gbẹ dáadáa, ẹ fẹ́ ẹ, kí ẹ rọ ọ́ kún gáráwà dé ẹnu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò tí kò bá rí atẹ́gùn yóò kú fúnra rẹ̀. Kòkòrò tí ẹ bá rí, ẹ lè fẹ́ ẹ dànù. Májèlé tí ẹ bá dà sí i, ojú yín kò ní rí i mọ́, ẹnu ọmọ yín ló ń lọ.