Wáyà Tí Areej Tún Ṣe ní Irbid

Ẹ̀rín ni Areej fi pàdé Nawfal. Tíṣà ìṣirò ni ọkùnrin náà, láti ìlú Irbid. Ó gbé wáyà eríà rédíò tó fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Areej àti bàbá rẹ̀ ti ń tún rédíò ṣe ní ìlú Salt, ó ní òun kò gbọ́ àwọn ọ̀rẹ́ òun tó wà lókè òkun mọ́.

Areej tú ẹnu wáyà náà. Omi dà jáde.

"Tíṣà, ẹni tó fi ẹnu yìí sí i kò nífẹ̀ẹ́ yín o."

"Èmi fúnra mi ni."

"Áà! Ẹ má bínú, ìṣirò lẹ mọ̀."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Areej gbé ẹnu wáyà mìíràn sórí káńtà. "Tiyín dára nínú ilé. Èyí ní rọ́bà tó ń dènà òjò, òun ló yẹ òrùlé." Ó bó èèpo wáyà, ó ṣa àwọn okùn bàbà wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, ó sì fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí i. "Bí okùn kan péré bá kan ti àárín, gbogbo ọ̀rọ̀ yín á wọlẹ̀."

Láti ìgbà náà, wáyà Nawfal bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní gbogbo Sátidé. Bàbá Areej rí i, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ọdún kẹta rèé tí ọkọ ti kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àìrọ́mọbí. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

"Ẹyinjú mi," ni Nawfal wí lọ́jọ́ kan, "wá bá mi gbé eríà tuntun sókè, kí màmá mi lè rí ọ."

Bàbá Areej fọkọ̀ gbé e dé ilé Nawfal ní Irbid, ó sì ya mọ́ṣáláṣí lọ kírun. Iṣẹ́ orí òrùlé kù díẹ̀ nígbà tí Ìyá Nawfal pè é sọ̀kalẹ̀ wá mu kọfí.

"Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ mọ́ṣẹ́, ìwà rẹ sì dùn. Ṣùgbọ́n Nawfal nìkan ni mo bí. Ilémoṣú tí kò rọ́mọ bí, ṣé òun ni n óò gbé fún un?"

Areej wo ẹnu ọ̀nà. Nawfal dúró níbẹ̀, ó dorí kodò.

Areej padà sórí òrùlé. Ẹnu wáyà kan ló kù. Ó lè fi ìbínú ṣe é wúruwùru, kí òjò àkọ́rọ̀ bà á jẹ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ lẹ́ẹ̀dì náà dáadáa, ó fi téèpù wé e nígbà mẹ́ta, ó ń fi apá nu omijé.

Nawfal gòkè wá. "Fún mi láyè, olólùfẹ́ mi. N óò bá wọn sọ̀rọ̀."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Kí lo sọ?"

Areej fi ọwọ́ tọ́ka sí àtẹ̀gùn.

"Lọ dán rédíò rẹ wò."

Láti ojú fèrèsé, Areej gbọ́ ohùn bàbá arúgbó kan láti ìlú Muscat lókè òkun. "Nawfal! O mà ń dún ketekete lónìí! Iṣẹ́ ọwọ́ ta nìyí?"

Ìyá Nawfal jókòó tì í. Nawfal wo ìyá rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Ẹnì kan láti Salt ni."

Areej kó irinṣẹ́ rẹ̀ sápò, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá bàbá rẹ̀ tó ti padà dé, nínú ọkọ̀. Bàbá wo ojú rẹ̀, ó ṣáná sọ́kọ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi jáde ní Irbid.