Ìwé Tó Gbà ní Èènì

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá jọ irọ́ létí rẹ̀, kó wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Kó dé Ọjà Olúwo, kó béèrè Fàlílátù ẹlẹ́ja yíyan. Kó ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, kó ní kó fi èènì sí i. Kó wá wo ojú obìnrin náà. Ó ṣì wà láàyè, ìtàn náà sì wà lára rẹ̀.

Opó ni Fàlílátù. Ẹ̀yìn ló ṣì ń pọn Rodiat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Ẹja ló fi tọ́ ọ. Rodiat dàgbà, ó fẹ́ Tìmílẹ́hìn ní Ìkòròdú, wọ́n bí Jọláolúwa. Gbogbo họlidé ni ọmọ náà máa ń wá sí Ẹ̀pẹ́, tí òun àti ìyá àgbà á jọ jókòó nídìí ààrò, tí wọ́n á jọ máa yí ẹja.

Ní ọdún 2006, nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́fà, ó ní òun ò wá mọ́. Ó ní Màmá Ìkòròdú ní ìwé alááwòrán. Màmá Ìkòròdú yìí ni Mobọ́lájí, ìyá Tìmílẹ́hìn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì.

Ọ̀rọ̀ náà há Fàlílátù lọ́fun bí eegun ẹja. Mobọ́lájí ò ṣe é ní nǹkan kan o. Kì í rí i kó má rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń bí i nínú. "Obìnrin tí ọwọ́ ẹ̀ ò rùn rí," bó ṣe máa ń pè é lẹ́yìn nìyẹn.

Ó gbọn ara rẹ̀, ó lọ sí Ìkòròdú. Ó bá Bísíríyù tó ń tẹ́ ìwé òkìríkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Bísíríyù ní oríṣi ìwé méjì ni ọmọ ọdún mẹ́fà ń fẹ́: ti àròsọ àti ti ohun tó wà lóòótọ́. Ó ní ẹni tó bá ra oríṣi kan ṣoṣo fọ́mọ, ẹ̀bà ló fún un láìlọ́bẹ̀. Fàlílátù ní báwo lòun ṣe máa dá wọn mọ̀, òun tí ò kàwé kọjá kíláàsì kejì.

"Ẹ wo ẹranko inú ẹ̀, Màmá. Bó bá wọ ṣòkòtò, àròsọ ni. Bó bá wà níhòòhò, òótọ́ ni."

Ó yan ehoro tó wọ ṣòkòtò. Ó yan ọ̀kan tó jẹ́ kìkì ẹyẹ, ọ̀kan tó jẹ́ ti òjò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá mú, á ṣí i láàárín, á fi imú sí i, á fà á símú, bó ṣe máa ń ṣe ẹja kó tó sanwó. Bísíríyù ń rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé ni, kì í ṣe ẹja. Fàlílátù ní ohun tó bá ti bàjẹ́, imú ló kọ́kọ́ ń mọ̀.

Nígbà tó sanwó tán, ó dúró. Èènì dà?

"Ìwé ò léènì, Màmá."

"Ọjà wo ni ò léènì?"

Fàlílátù ti ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó fa ìwé pẹlẹbẹ kan yọ tí èèpo rẹ̀ ti ṣí. Bísíríyù yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní òun ò mọ ìgbà tó débẹ̀. Fàlílátù gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ààrò. Omi ọ̀sà. Ìwé náà ń rùn bí ilé. Ó tì í bọ àpò.

Jọláolúwa gbọ́ pé ìwé wà ní Ẹ̀pẹ́, ó wá. Ó tẹ́ wọn sórí ẹní, ó pín wọn bí Màmá Ìkòròdú ṣe kọ́ ọ: òótọ́ lápá ọ̀tún, àròsọ lápá òsì. Ó wá kan ìwé èènì. Ilé pákó kan ló wà nínú rẹ̀, ààrò ẹja, àpótí ìjókòó méjì, àti obìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí wọn. Wọ́n ṣí ojú ewé kejì. Ẹ̀yìn náà ni. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yìn náà ni.

"Màmá Ẹ̀pẹ́, níbo ni kí n gbé èyí sí?"

"Gbé e sáàárín."

Láti ọjọ́ kejì, ìwé yẹn nìkan ni ọmọ ń mú. Á gbé e lọ sẹ́yìn ilé, á jókòó nídìí ààrò ní ọ̀sán ganrínganrín, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti dákẹ́. Inú Fàlílátù dùn. Ó tẹ Ìkòròdú láago. "Ìyá Tìmí, ọmọ ò tíì dárúkọ yín o." Ó sùn dáadáa.

Àmọ́ ọmọ ò wá yí ẹja mọ́. Fàlílátù pè é kó wá jẹun, ọmọ ní òun ti yó.

"Ta ló fún ẹ lóúnjẹ?"

"Ìyá yẹn."

Inú ìwé ló na ọwọ́ sí. Fàlílátù tẹjú mọ́ ọn. Obìnrin náà ti fi ẹ̀gbẹ́ kan yíjú. Etí rẹ̀ ti hàn. Àpá iná wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Fàlílátù fa ọwọ́ bùbá rẹ̀ wálẹ̀, ó fi bo ọrùn ọwọ́ tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n mú iná lọ. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Kò sí ajá tó gbó. Ó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn ilé, ohùn àgbàlagbà, tó ń pa ìtàn jẹ́jẹ́. Ọmọ rẹ́rìn-ín. Fàlílátù yọ́ lọ. Bó ṣe yọ sí wọn, ohùn dákẹ́. Ọmọ nìkan ló bá. Àpótí kan ló ń wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Méjì ló bá. Ó fọwọ́ kan èkejì. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Kí ló ń bá ẹ sọ?"

Ọmọ wo ilẹ̀. "Ó ní kí n má sọ fún yín. Ó ní ẹ máa ń jowú."

Fàlílátù gbé ìgbéraga tì. Ó bẹ Mobọ́lájí kó wá bá òun ka ohun tó wà nínú ìwé náà. Mobọ́lájí dé láàárọ̀, ó fi ìgò ojú rẹ̀ sójú, ó rọra ṣí ìwé náà dé òpin.

"Ìyá Rodiat, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ìwé yìí."

"Obìnrin yẹn ńkọ́?"

"Obìnrin wo? Àpótí méjì ni mò ń rí."

Fàlílátù wò ó. Lóòótọ́, kò sẹ́nì kankan.

Òun fúnra rẹ̀ ló kó aṣọ ọmọ, ọmọ tó torí rẹ̀ fi imú yan ìwé. Ó fi ọwọ́ Jọláolúwa lé ọwọ́ Mobọ́lájí. Ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kó padà wá. Ọmọ ò sunkún. Ó mú ìwé èènì kúrò láàárín, ó gbé e sápá ọ̀tún tó jẹ́ ti òótọ́, ó bá ìyá àgbà rẹ̀ kejì lọ.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Fàlílátù tẹ Ìkòròdú láago. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ ti jẹun. Ẹ̀rín ni Mobọ́lájí fi gbé fóònù.

"Ẹ wà lẹ́yìn ilé mi, ẹ tún ń pè mí lórí fóònù? Ẹ ò bá ti jẹ́ ká jọ wọkọ̀."

"Ta ló wà lẹ́yìn ilé yín?"

"Ṣebí ohùn yín ni mò ń gbọ́. Òórùn ẹja ti gba gbogbo ilé."

"Mo wà ní Ẹ̀pẹ́."

Ẹ̀rín tán. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pa fóònù. Láti ọ̀nà jíjìn, Fàlílátù gbọ́ tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn tó ń pa ìtàn. Ohùn tirẹ̀ ni. Ìtàn náà dùn.

Òun kò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí.