Igi Àjà Kẹrin

"Má kan ìṣó yẹn!"

Òòlù fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ Kápẹ́ńtà. Ó yíjú padà. Ọkùnrin kan tí ẹfun bò láti orí dé bàtà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé girama àtijọ́ náà, ó na ìka sí ògiri bí ẹni tó rí ejò.

"Ta lò ń bá wí?" ni obìnrin kápẹ́ńtà náà bi í. "Fèrèsé ni wọ́n gbé fún mi, òun ni mò ń ṣe. Ìwọ ńkọ́, ta ni ẹ́?"

"Bíríkìlà ni mí. Èmi ni wọ́n gbé ògiri fún. Gbọ́ ná." Ó fi eegun ìka kan ògiri, ó gbé etí lé e. "Inú rẹ̀ ti ṣófo. Tó o bá kan ìṣó síbẹ̀, yóò wó lé ẹ lẹ́sẹ̀ ni, ẹsẹ̀ yẹn sì ti dára ju ohun tí ògiri ń wó lé lọ."

Kápẹ́ńtà fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ilé ìwé náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìjọba fẹ́ wó o, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà kan bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi gbà kí wọ́n tún un ṣe. Láàárín oṣù mẹ́rin, bí ọkùnrin náà ṣe ń po ẹfun mọ́ yanrìn láti fi rẹ́ ògiri nísàlẹ̀, tí obìnrin náà ń fá igi lókè, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára. Ọkùnrin náà ń pè é ní Adúmáradán. Kápẹ́ńtà náà ń pè é ní Elẹ́fun.

Wàhálà ibẹ̀ ni bàbá Kápẹ́ńtà. Òun ni ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà nígbà kan, Bàbá Ọ̀gá ni gbogbo ènìyàn sì ń pè é títí dòní. Ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òun ló fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà láti òkè délẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó po sìmẹ́ǹtì náà fúnra rẹ̀. Ògiri Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ibẹ̀, bàbá náà kì í sì í kọjá níbẹ̀ láìfi ọwọ́ rà á.

Elẹ́fun kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Ọjọ́ tó lọ tọrọ ọmọ ló tún sọ̀rọ̀ ògiri.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ògiri àtijọ́ máa ń mí. Bí òjò bá wọ inú rẹ̀, oòrùn á fà á jáde. Sìmẹ́ǹtì tẹ́ ẹ fi bò ó yẹn, imú ló dí fún un. Omi tó bá ti wọlé ò rọ́nà jáde mọ́."

Ojú Bàbá Ọ̀gá pọ́n. "Nígbà tí mo rẹ́ ògiri yẹn, o ò tíì mọ imú ara rẹ nù! Torí ọmọ mi ni mo ṣe gbà. Kí ẹbí rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ògiri lẹ́nu rẹ, kí wọ́n jókòó sílé wọn."

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kápẹ́ńtà gun àkàbà lọ wo àwọn igi àjà. Igi ńlá mẹ́sàn-án ló nà láti ògiri kan dé èkejì, orí wọn sì wọ inú ògiri. Ó ń fi ìṣó gún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní le. Èkejì le. Ẹ̀kẹta, kò sí wàhálà. Nígbà tó gún ẹ̀kẹrin nídìí Ògiri Ọ̀gá, ìṣó wọlé bí ìgbà tí ènìyàn ti ìka bọ ọṣẹ tó rọ̀. Omi ti jẹ ẹ́.

Ó jókòó sórí àkàbà. Bó bá sọ ọ́, ojú á ti bàbá rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó kọ́ níwèé. Ó mọ bàbá rẹ̀. Kò ní dárí ji Elẹ́fun, pàápàá bó bá jẹ́ pé Elẹ́fun ló sọ òótọ́. Sátidé á dàrú.

"Lẹ́yìn Sátidé," ló sọ fún ara rẹ̀. "Bí ẹbí bá ti rí ẹbí, màá tún un ṣe bó ṣe yẹ."

Ó po lẹ́búlẹ́bú pákó mọ́ gọ́ọ̀mù, ó fi dí ojú ibẹ̀, ó fá a kó dán, ó fi ọ̀dà kùn ún. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé igi ni.

"Adúmáradán, àwọn igi òkè ńkọ́?" ni Elẹ́fun bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Wọ́n le."

"Tó o bá ti ní wọ́n le, ó parí nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kápẹ́ńtà ju kó gbá a létí lọ. Láti ọjọ́ náà, kò rí oorun sùn mọ́. A kì í kúkú fi iná sórí òrùlé sùn.

Lọ́jọ́bọ̀, ó lọ ra ìṣó. Nígbà tó padà dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n fẹ́ gbé òkúta gbọọrọ kan lé orí fèrèsé. Òṣìṣẹ́ méjì ń fa okùn. Bàbá Ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wá wòran. Òkúta ti kúrò nílẹ̀, Elẹ́fun wà lábẹ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tọ́ ọ sọ́nà. Igi kẹrin ni wọ́n so okùn mọ́.

"Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀!" Ohùn Kápẹ́ńtà gba gbogbo gbọ̀ngàn. "Elẹ́fun, kúrò lábẹ́ rẹ̀! Mo bẹ̀ ẹ́, kúrò!"

Igi náà ké. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ là, nǹkan lẹ́búlẹ́bú dà sí Elẹ́fun lórí. Ó fò sẹ́yìn. Òkúta wálẹ̀, ó fọ́ sí méjì níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀.

Elẹ́fun bu nǹkan náà léjìká ara rẹ̀, ó rà á láàárín ìka.

"Èyí kì í ṣe igi," ló wí.

"Èmi ni." Kápẹ́ńtà tọ̀ wọ́n lọ. "Ibẹ̀ ti jẹrà. Bàbá, omi inú ògiri yín ló jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Mo bò ó nítorí Sátidé."

Elẹ́fun wò ó títí. "O sọ fún mi pé wọ́n le."

"Ìfẹ́ mi, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ lo máa so okùn mọ́..."

"Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo so ó mọ́." Ó ká okùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, ó jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, àga mẹ́jọ wà ní pálọ̀ Bàbá Ọ̀gá, tí wọ́n tò ní méjì-méjì. Títí oòrùn fi wọ̀, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Kápẹ́ńtà dìde láti kó àwọn àga náà.

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ọdún tí màmá rẹ kú ni mo rẹ́ ògiri yẹn. Omi ń sun lára rẹ̀ lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń sunkún. Mi ò lè fara dà á. Mo ní tí mo bá ti bò ó, ó tán. Ìwọ náà rí nǹkan tó ń jẹrà, o bò ó. Ta lo rò pé ó kọ́ ẹ?"

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá náà kò sọ fún un pé kó dákẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá Ọ̀gá wọ gbọ̀ngàn lọ pẹ̀lú òòlù. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbá Ògiri Ọ̀gá lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Sìmẹ́ǹtì ṣí, omi tẹ̀lé e. Ó na òòlù sí Elẹ́fun, tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Gbà. Ó ti tó ọdún márùndínlọ́gbọ̀n."

Elẹ́fun fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Kápẹ́ńtà yàtọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló ń kí i láràárọ̀, bí ẹni tí kò rí i rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni "mà" yẹn fi ń gún un. Kápẹ́ńtà kò bẹ̀bẹ̀. Ó gé gbogbo ibi tó jẹrà lára igi kẹrin, ó so igi tuntun tó gbẹ mọ́ ọn, kò sì fi ọ̀dà kàn án rárá, kí ẹni tó bá gbójú sókè lè rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó.

Ní ọjọ́ kan, òkúta tuntun dé. Elẹ́fun gbé okùn dání, ó wo òkè, ó wo Kápẹ́ńtà.

"Ṣé igi yìí le?"

"Ó le."

"Ṣé o fi nǹkan pamọ́ síbẹ̀?"

"Rárá. Gùn ún lọ wò."

Kò gùn ún. Ó ju okùn náà kọjá lórí igi kẹrin, ó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n máa fà, ó sì lọ dúró sábẹ́ òkúta. Kápẹ́ńtà rìn lọ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé òkúta náà.

"Bọ́ sẹ́yìn," ni Elẹ́fun wí.

"Mi ò bọ́."

Òkúta ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ lórí àwọn méjèèjì. Igi kẹrin kò ké. Nígbà tí òkúta náà jókòó sórí fèrèsé, Elẹ́fun mí kanlẹ̀, kò sì tíì wo ojú Kápẹ́ńtà.

"Adúmáradán, àwọn àga tẹ́ ẹ tò fún ẹbí mi lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

Omi lé ròrò sí Kápẹ́ńtà lójú. "Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ò jẹ́ kí n kó wọn."