Apá Irin Tí Kò Gbọdọ̀ Yí

Ọjọ́ tí Aláago kọ́kọ́ rí Káfíńtà, ńṣe ni ọkùnrin náà lóṣòó nínú oòrùn síwájú ṣọ́ọ̀bù tí obìnrin náà ti ń tún aago ṣe, ó mú ẹ̀gbà ọrùn tó ti já nínú abọ́ àjákù tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó ń fi rúlà wọn ṣéènì rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èjìká rẹ̀ fẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n ó rọra ń mú nǹkan tín-ín-tín náà débi pé Aláago gbé aago tó ń tún ṣe sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ̀yin bọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni àbí ẹ fẹ́ rán aṣọ fún un?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ṣéènì ìdákọ̀ró ni mò ń wá. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò gbọdọ̀ ju mìlímítà méjì lọ."

"Ìdákọ̀ró! Ta ló fẹ́ wọ ọkọ̀ yẹn, èèrà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé òun ń fi ọwọ́ ara òun kan ọkọ̀ ojú omi kan, tí kò gùn ju apá èèyàn lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, àfi kó wá a káàkiri. Irin róbótó tí okùn bàtà ń gbà kọjá ló fi ṣe fèrèsé. Píìnì olórí ló fi ṣe ọgbà etí ọkọ̀. Aláago da agolo kan jáde níwájú rẹ̀, gbogbo eyín aago tó ti kú ló kún inú rẹ̀.

"Ẹ ṣa èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà máa wá fún mi ní ìròyìn àwọn èèrà yẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́rin, kò sí òkìtì àlòkù tí àwọn méjèèjì ò tú ní ọjọ́ Sátidé. Káfíńtà ń pè é ní ìdùnnú mi, òun náà ń pe ọkùnrin náà ní ọ̀gá àwọn èèrà. Ìfẹ́ náà wọ Aláago lára, kò sì tijú láti sọ ọ́.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò bọ́ sí i. Ọkọ̀ àsálà mẹ́rin, èyí tí èèyàn fi ń sá tí ọkọ̀ ńlá bá ń rì, ló yẹ kó wà lára ọkọ̀ náà, apá irin ló sì máa ń yí síta láti sọ wọ́n kalẹ̀ sójú omi. Káfíńtà ti rí apá irin mẹ́ta. Ìkẹrin, gbogbo èyí tí Aláago bá mú wá ló ń dá padà.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ti dára jù."

"Ìyẹn náà wá di ẹ̀ṣẹ̀?"

Nígbà tó yá, Aláago mú Káfíńtà lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí obìnrin yẹn ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, láti ìgbà tí òkun ti gbé ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí lọ. Ikú náà dùn ún, ṣùgbọ́n lẹ́tà iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi tí ọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́ ló pa á kú sórí ìdúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn méje tó kú lápá ẹ̀yìn ọkọ̀ kò gbọ́ àṣẹ láti wọ ọkọ̀ àsálà, pé oríkunkun ló pa wọ́n. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Káfíńtà jókòó, ó gbójú sókè wo fọ́tò ara ògiri, omi tó ń mu sì dà sí i láyà. Ó ní orí ń fọ́ òun. Ó lọ, kò sì yọjú mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Aláago rò pé ojú líle ìyá òun ló lé e sá. Ó rí irin kékeré kan tí wọ́n fi ń ṣí ìdérí àpótí ohun ọ̀ṣọ́, tó ti dógùn-ún pátápátá. Atúnaagoṣe ni, kò lè rí ìdógùn-ún kó dákẹ́. Ó fi odindi ọjọ́ kan ha á, ó dán an, ó kán epo aago sí i, ó sì gbé e lọ sí yàrá Káfíńtà, níbi tí kò dé rí.

"Wò ó, ọ̀gá àwọn èèrà." Ó fi èékánná tì í, irin náà sì yí síta wẹ́rẹ́. "Ṣé èyí náà ò dáa?"

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún.

"Kò gbọdọ̀ yí," ló ń wí. "Ìdùnnú mi, kò gbọdọ̀ yí."

Ìgbà náà ni Aláago rí orúkọ tí wọ́n kọ sí ìdí ọkọ̀ tó wà lórí tábìlì. Orúkọ tó wà nínú lẹ́tà ìyá rẹ̀ ni.

"Ọkọ̀ tí àbúrò mi kú sí nìyí."

"Èmi ni káfíńtà inú rẹ̀. Èmi ni mò ń yẹ àwọn ọkọ̀ àsálà wò. Apá irin ẹ̀yìn ti dógùn-ún, kò yí mọ́. Ọ̀gá ní àsìkò ń lọ, mo sì fọwọ́ síwèé pé ó dára. Ibi tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ yẹn lọ ni wọ́n lọ. Wọ́n ń ti apá irin náà títí omi fi bò wọ́n."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé àbúrò mi ni?"

"Ọjọ́ tí mo rí fọ́tò rẹ̀."

Aláago jáde láìdágbére. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbìyànjú láti kórìíra ọkùnrin náà, kò rí i ṣe, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Ní ọjọ́ kẹwàá ó padà lọ.

"Mi ò lè bá ẹ sọ ọ́ fún màmá mi. Ẹnu ẹ ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

Káfíńtà fi aṣọ wé ọkọ̀ náà, ó gbé e wá sọ́dọ̀ Ìyá. Ó ti rẹ irin tí Aláago dán sínú omi iyọ̀, ó sì ti dógùn-ún padà kó tó kàn án mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ìyá na ìka, ó ti apá irin náà. Kò mira. Ó tún un tì.

"Ṣé ibí ló dúró sí?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá. Òun ló wà níwájú wọn."

"Ó gbọ́ àṣẹ?"

"Ó gbọ́, Màmá. Èmi ni mi ò ṣe tèmi."

Ìyá sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó nu ojú.

"Ìwọ ọmọ yìí, àbámọ̀ rẹ ò wúlò fún mi nínú pálọ̀ yìí. Inú ìwé ni wọ́n ti ba ọmọ mi lórúkọ jẹ́. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti kọ ọ́."

Káfíńtà yíjú sí Aláago. "Tí mo bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n padà sílé."

"Mo mọ̀," ni Aláago wí. "Lọ. Màá dúró dè ẹ́."

Ó lọ sọ ọ́ níléeṣẹ́ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gba ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, wọn ò dá a padà. Wọ́n ka orúkọ àwọn méje náà síta, wọ́n ní wọn ò jẹ̀bi ohunkóhun. Ọ̀gá ọkọ̀ ti kú ní tirẹ̀. Wọ́n fi Káfíńtà sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Ní ọjọ́ àbẹ̀wò àkọ́kọ́, Aláago fẹ́ jáde, ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọ bàtà.

"Màmá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ibi tí ò ń lọ."

Lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́dà ṣí ìwé ńlá kan.

"Ẹbí nìkan ló ń wọlé. Kí lẹ jẹ́ sí ẹni tí ẹ wá wò?"

Aláago yíjú sí ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn díẹ̀, ó bọ́ síwájú.

"Ìyàwó rẹ̀ nìyí. Èmi ni ìyá ìyàwó. Kọ ọ́ dáadáa."

Wọ́dà náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún wọn.