Ta Ló Da Eérú Sẹ́yìnkùlé Ajíbádé?

Ní Sakin, lẹ́bàá Savè ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sí ẹni tí òwú rẹ̀ funfun tó ti Ajíbádé. Òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀! Bí a bá pè é wá sí ìsìn, ẹ̀rín ló máa ń rín: "Ọkọ́ mi ni Ọlọ́run mi."

Àdùkẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n ń gbé.

Lọ́dún kan, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Ajíbádé tọ̀sán-tòru. Ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù. Ọkọ́ ṣá a lẹ́sẹ̀, egbò náà kọ̀, kò jinná. Èèrà wá ń bo ibi tó ń tọ̀ sí lẹ́yìnkùlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá Àdùkẹ́ níbẹ̀, tó ń da eérú sílẹ̀.

"Ìyá, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Èèrà ni mò ń lé, ọmọ mi."

Ajíbádé kò gbà. Ìgbà ìjọba ológun nìyẹn, tí wọ́n ń wá àjẹ́ kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù. Ó wọ́ ìyá arúgbó lọ sí ìpàdé abúlé, ó ní àjẹ́ ni ìyá náà, pé ó ń fi ẹ̀jẹ̀ òun bọ́ èèrà. Háà! Ẹnu tó jẹ oúnjẹ rẹ̀ dàgbà! Ẹnikẹ́ni kò gbèjà rẹ̀. Ajíbádé lé e jáde nílé; Àdùkẹ́ di ẹrù, ó lọ sí Okpara lọ́dọ̀ Marie, ìbátan rẹ̀.

Àdùkẹ́ lọ, èèrà kò lọ. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ẹ̀rù ba ìyàwó Ajíbádé, ó kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko kò yà kí i mọ́. Òun nìkan ló ń dáná, òun nìkan ló ń jẹun, òun nìkan ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdánìkanwà náà dùn ún ju egbò lọ.

Clément, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́, nìkan ló wá. Ó rí èèrà, ó mirí. "Bí ti bàbá mi ṣe rí nìyí. Ìtọ̀ súgà ni. Jẹ́ ká lọ rí dókítà." Ó fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí Savè.

Dókítà yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. "Súgà inú ìtọ̀ yín ni èèrà ń wá. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yín. Kì í tán lára, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo oògùn, tó sì ń ṣọ́ ohun tó ń jẹ, lè pẹ́ láyé."

Dípò kí inú Ajíbádé dùn, ńṣe ló bú sẹ́kún. "Clément, mo ba ìyá tó tọ́ mi lórúkọ jẹ́!"

"Ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Dókítà kò ní oògùn rẹ̀. Jésù ló ní in."

Ajíbádé kúnlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń ro ó. "Olúwa, agbéraga ni mí. Mo pa aláìṣẹ̀ lẹ́kún. Ṣàánú mi." Ọlọ́run gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sì fúyẹ́.

Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé e, ó lọ bẹ Àdùkẹ́ ní Okpara. Marie mú un lọ síbi òkìtì iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́yìn ilé.

"Wọ́n ti lọ," ni Marie wí. "Títí wọ́n fi kú, ẹnikẹ́ni tó bá ti Sakin wá, ohun kan ni wọ́n máa ń bi í: 'Ẹsẹ̀ Ajíbádé ńkọ́? Ṣé ó ti jinná?'"

Ajíbádé dojú bolẹ̀. Ó bẹ̀, ó bẹ̀, ṣùgbọ́n òkú kì í dáhùn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ náà lé jáde? Jésù ńkọ́? O lé e, síbẹ̀ ó ń bèèrè rẹ: "Egbò ọkàn rẹ ńkọ́?" Àdùkẹ́ kò lè gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Jésù kú, ó jí, ó ń gbọ́. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o dá a lóhùn lónìí.