Ta Ló Kó Oògùn Onígbáméjì Lọ?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìlà ti gùn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ́jú dé etí Málù Róòdù. Ọdún 1971 ni, ọdún tí àrùn onígbáméjì wọ Èkó bí ẹni tó wá gba ogún bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìdí orúkọ àrùn náà kò ní béèrè ohun tó ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù. Igbá kan fún èébì, igbá kejì fún ìdí, aláìsàn á wá wà láàárín méjèèjì, kò ní mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dá lóhùn.

Bí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ti ń tò nídìí ẹ̀rọ omi ni wọ́n ṣe tò sí ilé ìtọ́jú náà. Ẹni tó bá dé á fi nǹkan sàmì sí àyè rẹ̀, á sì lọ wá ẹ̀kọ mu. Ẹlòmíràn fi korobá sílẹ̀, ẹlòmíràn fi bàtà ẹsẹ̀ kan. Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Onome fi òkúta funfun kan. Bí ìlà bá ti ń rìn, ẹni tó wà lẹ́yìn ni yóò máa ti àmì ẹni iwájú rẹ̀ síwájú. Òfin ni. Ẹni tó bá fo òkúta ẹlòmíràn, ojú ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ ò ní gbà á mọ́.

Nọ́ọ̀sì Harriet ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó sì tún jáde kíá. Fíríìjì ti ṣófo. Gbogbo ìgò oògùn àjẹsára tí ìlà yẹn ń dúró dè ti lọ.

Nígbà tí Inspẹ́kítọ̀ Akínsànyà máa fi dé, Kọ́pùrù Túnbọ̀sún ti fi ẹ̀wù mú ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé náà, ọkùnrin Ìjọ́ kan tí ń jẹ́ Tonbra.

"Ọ̀gá, òun ni," Túnbọ̀sún wí. "Ilẹ̀kùn ò fọ́, kọ́kọ́rọ́ ò já. Àbí iwin ló wọlé?"

"Mo sùn," Tonbra wí. "Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sùn fọnfọn. Ṣùgbọ́n kí n jí oògùn? Ìyàwó mi wà lórí ìlà yẹn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, ọ̀gá. Ẹ wá ìka yẹn."

"Mú un dé àgọ́ ná," Akínsànyà wí, nítorí àwọn èrò ti ń kùn, wọ́n sì ti ń wo ọrùn Tonbra bí ẹni ń wo ọrùn adìyẹ Kérésì. Ohun tó kọ́kọ́ dùn ún lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó mọ̀ pé kò dá òun lójú, ó sì jẹ́ kí wọ́n mú un lọ.

Ó yí sẹ́yìn ilé. Fèrèsé ibẹ̀ jẹ́ irú àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Olè ti yọ wọ́n kúrò, àyè náà sì gba ènìyàn. Ṣùgbọ́n kò fọ́ ọ̀kankan. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn tí a ká sílẹ̀, ó tò wọ́n ní òòró sórí rẹ̀, ó sì fi ògiri gbè wọ́n lẹ́yìn. Akínsànyà fi ìka kan ọ̀kan. Kò rí eruku. Ó kan èkejì. Wọ́n ti nù ún.

"Olè wo ló ń tún ilé ṣe fún onílé?" ó bi ara rẹ̀.

Ó padà sórí ìlà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò níṣẹ́ ṣe. Onome ló kọ́kọ́ dá a dúró. Obìnrin náà sanra, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, àbẹ́ẹ̀gì, abẹ́rẹ́ ọ̀hún, ṣé apá ni wọ́n ń gún ni àbí ìdí?"

"Apá ni, Màmá."

"Yéè. Ìdí ni mo fi kànìnkànìn bó wá." Ìlà bú sẹ́rìn-ín, òun alára sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó dáa náà tí kì í ṣe ìdí. Abẹ́rẹ́ tó bá wọ ìdí tèmi yìí, á ṣìnà síbẹ̀. Á máa béèrè ọ̀nà Wárì."

Ẹ̀rín yẹn wúlò, nítorí kò sẹ́ni tí abẹ́rẹ́ kì í sọ di ọmọdé. Àwa arúgbó gan-an, bí a bá ti rí i lókèèrè, à máa ń di ìdí mú kí wọ́n tó bi wá léèrè.

Akínsànyà rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Màmá, ta ló mọ̀ nípa gíláàsì fèrèsé ládùúgbò yìí? Mo fẹ́ kí wọ́n bá wa tò ó padà."

"Gíláàsì?" Ojú Onome tàn. "Ọmọ mi ni kẹ́ ẹ pè. Ovie. Kúkù ni ní Àpápá, lọ́dọ̀ Mísíìsì Wílíkìn. Sátidé-Sátidé ló ń yọ gbogbo gíláàsì ilé òyìnbó, á fọ̀ ọ́, á nù ún, á tò ó sórí ìwé ìròyìn kó má baà há. Mo ti fojú mi rí i. Ó ń yọ ọ́ bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwa tí fèrèsé wa jẹ́ pákó níbí, ta ló mọ ìyẹn?"

Akínsànyà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè wo ojú rẹ̀ pẹ́. Ìyá ń yin ọmọ rẹ̀, kò mọ̀ pé okùn lòun ń fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́.

Ó lọ bá Nọ́ọ̀sì Harriet. "Ẹ mọ Mísíìsì Wílíkìn?"

"Màdáámù tí kò lè wá síbí?" Harriet fẹnu ṣe "ṣìọ̀". "Kúkù rẹ̀ ló rán wá lánàá. Ó ní ṣé a lè wá gún òun nílé. Ṣé òun lè rí ìgò kí a tó ṣí i. Ṣé abẹ́rẹ́ tí a fi gún ẹlòmíràn la máa fi gún òun. Abẹ́rẹ́ tí à ń bọ̀ lómi gbígbóná bí ẹyin láràárọ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún kúkù náà?"

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀ díẹ̀. "Mo sọ fún un lójú gbogbo èrò pé kó lọ wí fún màdáámù rẹ̀ pé onígbáméjì ò ní béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹ̀. Kó wá tò bí ènìyàn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kúkù náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín."

"Ẹ bọ́ sínú mọ́tò," Akínsànyà wí. "Ẹ̀yin lẹ máa bá mi dá ìgò yín mọ̀."

Ilé Mísíìsì Wílíkìn wà lábẹ́ igi ńlá kan ní Àpápá, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú omi bí ẹni pé inú yàrá ló wà. Àpótí ìrìnàjò wà ní ṣíṣí nínú pálọ̀, fọ́tò ọmọdébìnrin kan sì wà lórí aṣọ tó kó sínú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ. Ojú obìnrin náà pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ má rò pé mo gbéra ga," ó wí. "Nílùú wa, dókítà tó gbẹ̀bí mi náà ló ń gún mi lábẹ́rẹ́ títí mo fi lọ́kọ. Ó mọ ara mi, mo mọ ojú rẹ̀. Níbí, ta ni mo mọ̀? Ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pọ́tákọ́tù. Bí apá mi bá wú, bí ibà bá dé, ta ni màá ké sí? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi ní abẹ́rẹ́ kan ni wọ́n fi ń gún ogúnlọ́gọ̀. Àwọn kan ní oògùn tí wọ́n kọ̀ nílùú wa ni wọ́n ń kó wá fún wa."

"Irọ́ ni," Harriet wí.

"Ó lè jẹ́ irọ́. Ẹ̀rù kì í dúró gbọ́ òótọ́." Ó fọwọ́ kan fọ́tò náà. "Ọmọ mi ń ṣàìsàn níléèwé lọ́hùn-ún. Láìsí àmì abẹ́rẹ́ nínú yẹ́lò káàdì mi, wọn ò ní jẹ́ kí n wọ ọkọ̀ òfúrufú. Dókítà ọkọ̀ ojú omi kan láti ìlú wa máa gúnlẹ̀ lọ́la. Ó ti ránṣẹ́ pé bí mo bá lè rí ìgò kan tí wọn ò tíì ṣí, òun á gún mi."

"Ta lẹ sọ ìyẹn fún?"

"Kò sẹ́nì kan. Mo kàn ń dá sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ ni."

Ovie ló gbé omi wọlé. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, aṣọ funfun rẹ̀ le gbagidi. Ó gbé ife kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Akínsànyà mu ún. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ovie," màdáámù rẹ̀ wí, "yìnyín dà?"

"Ó ti tán, Màdáámù."

"Tán? Nínú ilé yìí?"

Akínsànyà gbé ife sọ́wọ́, ó rọra rìn wọ ilé ìdáná. Àwọn pánù tí wọ́n fi ń dì yìnyín wà lẹ́bàá ibi ìfọ̀wọ́, wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ti gbẹ. Fíríìjì ńlá wà níbẹ̀, ó ń kùn bí ológbò tó yó. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì pè wọ́n wọlé.

"Olè Ajégúnlẹ̀ a máa fọ́ gíláàsì," ó wí. "Èyí tó wọ ilé ìtọ́jú yọ ọ́, ó nù ún, ó tò ó sórí ìwé ìròyìn. Ẹni tó ti ṣe é lóòrèkóòrè ni. Ọwọ́ rẹ̀ ṣe é kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Tonbra ò gbé ilé olójú gíláàsì rí. Mo wá dé ilé òyìnbó nínú oòrùn yìí, wọ́n fún mi lómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Pánù yìnyín gbẹ. Nítorí náà, nǹkan mìíràn ló gba àyè yìnyín. Ovie, ṣé kí n ṣí i, àbí wàá ṣí i fúnra rẹ?"

Ovie sún mọ́ fíríìjì. Ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lókè nínú fíríìjì, níbi tí omi ti ń dì. Àwọn ìgò náà tò síbẹ̀ nínú àwo, ó fi aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ wé wọn. Ó tò wọ́n dáadáa.

Mísíìsì Wílíkìn fọwọ́ bo ẹnu. "Ovie, mi ò rán ọ."

"Ẹ ò rán mi, Màdáámù. Nígbà tí ojú ìyá mi ń fọ́, ẹ̀yin lẹ fi mọ́tò yín gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì í." Ó yíjú sí Akínsànyà. "Ọ̀gá, ìgò kan péré ni mo wá lọ. Mi ò mọ ìwé kà. Mi ò mọ èyí tí í ṣe ti onígbáméjì nínú wọn. Mo ní kí n kó gbogbo ẹ̀, kí dókítà ọkọ̀ mú ọ̀kan, kí n dá ìyókù padà."

Harriet ti mú ìgò kan. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó mì í. Ohunkóhun ò mì nínú rẹ̀. Ó mú òmíràn. Èkejì náà le bí òkúta.

"Kí ló dé tó o kó o sókè níbí?" ó béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Kó má baà bàjẹ́. Ẹja tó bá le gbagidi ló dára. Èyí tó bá rọ̀ ló ti rà."

"Kì í ṣe ẹja, ọmọ mi." Harriet jókòó sórí àpótí ìdáná. "Oògùn yìí ń fẹ́ òtútù, kò fẹ́ yìnyín. Bó bá ti dì, ó ti kú. Kò wúlò fún màdáámù rẹ, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́."

Ovie wò ó títí. "Ṣùgbọ́n ẹ ṣì ní òmíràn nínú sítọ̀ọ̀."

"Sítọ̀ọ̀ wo?"

"Nílé yìí, bí nǹkan bá tán, òmíràn máa ń wà nínú sítọ̀ọ̀. Mo rò pé…" Ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ Harriet. "Ìyá mi lọ tò láàárọ̀ yìí. Ṣé wọ́n ti gún un?"

Harriet da aṣọ ìnuwọ́ bo àwọn ìgò náà padà. Akínsànyà ti mú ọ̀pọ̀ olè rí, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí ẹni tó tú okùn tó ta kókó. Lọ́jọ́ yẹn, bó ti ń mú Ovie lọ sínú mọ́tò, bí ẹni ń gbé òkú ló rí lára rẹ̀. Nígbà tó dé àgọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn fún Tonbra, ó sì tọrọ àforíjì. Tonbra gbọn ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ ti rí ìka náà?"

"Mo rí i."

"Ojú yín ò jọ ti ẹni tó rí i, ọ̀gá."

Kí oògùn tuntun tó ti ìgboro dé, onígbáméjì ti wọ ilé Onome. Àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù sọ ọ́ pé, bó ti rẹ̀ ẹ́ tó yẹn, ó ṣì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra, ìdí òun wúwo. Kò padà wálé.

"Bóyá abẹ́rẹ́ ì bá gbà á là, bóyá kò ní lè gbà á," Harriet wí fún Akínsànyà. "Oògùn náà máa ń pẹ́ díẹ̀ lára kó tó múlẹ̀. 'Bóyá' yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ká ní mo gbé ìgò kan lọ fún obìnrin yẹn, kó fojú rí i, kí n sì bọ abẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, kí ló máa gbà lọ́wọ́ mi? Mo fẹ́ kí àwọn èrò rẹ́rìn-ín ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, Inspẹ́kítọ̀."

"Èmi ni mo ní kí ìyá júwe ọmọ rẹ̀ fún mi," Akínsànyà wí.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ìlà dé etí Málù Róòdù bíi ti tẹ́lẹ̀. Òkúta funfun náà ṣì wà ní àyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó jù ú nù. Mísíìsì Wílíkìn fi ẹsẹ̀ rìn dé, ó dì yẹ́lò káàdì rẹ̀ mú. Àwọn ènìyàn wò ó, wọn ò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ bọ́ sí àyè tó ṣófo, Akínsànyà sì fọwọ́ dá a dúró.

"Ẹnì kan ló ni ibẹ̀."

"Ta ni?"

"Ìyá kúkù yín."

Ó dúró sẹ́yìn òkúta náà. Nígbà tí ìlà sún, ó wo àwọn tó kù, ó rí bí wọ́n ti ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ti òkúta náà síwájú. Bó ti ń ṣe é nìyẹn nínú oòrùn títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà, òkúta níwájú, òun lẹ́yìn.

Harriet jáde, ó rí òkúta. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó dúró pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó pẹ́ tó àsìkò tí wọ́n fi ń gún ènìyàn kan. Lẹ́yìn náà ló wá gbójú sókè.

"Ẹni tó kàn," ó wí.