Òyìnbó Tó Gbé Wàrà Kúrò Lórí Iná

Eero Lahtela so okùn mọ́ etí garawa, ó fà á wò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rọra sọ ọ́ sínú kànga. Sátidé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní abúlé wa nìyẹn, ó sì ti pinnu pé òun náà yóò máa wẹ̀ bí àwọn ọkùnrin ibí ṣe ń wẹ̀. Ìró kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ró sídìí. Wọ́n á da omi sórí, wọ́n á fi ọṣẹ pa ara, wọ́n á tún da omi, ìró náà kò sì ní já. Eero ti ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ó dá a lójú pé iṣẹ́ tó rọrùn ni.

Ohun tí kò rí láti ojú fèrèsé ni bí wọ́n ṣe ń ká etí ìró náà. Òun ta tirẹ̀ ní kókó bí ẹni ń so okùn bàtà. Kókó lè dúró lára aṣọ gbígbẹ, ṣùgbọ́n bí omi bá ti wọ aṣọ, aṣọ á wúwo, kókó á sì máa yọ̀. Garawa kejì ló ń fà lọ́wọ́, ọṣẹ kún ojú rẹ̀, nígbà tí ìró bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbá ìró mú, ó fi èkejì di okùn mú, garawa tó kún fún omi sì ń fà á lọ síhà ẹnu kànga.

Ibẹ̀ ni Ruvini ti bá a.

Ruvini ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní ilé ìwé kan ní ìlú Deniyaya, ní erékùṣù wa. Ilé àwọn òbí rẹ̀ ló kángun sí ilé tí Eero háyà, kànga kan náà ni ilé méjèèjì sì ń lò. Ó gbé ìkòkò sí ìbàdí, irun rẹ̀ tó gùn dé ìdí kò tíì gbẹ, ó dúró lábẹ́ igi àgbọn, ó ń wo ọkùnrin gíga kan tí ọṣẹ sọ di lékeléke, tó ń bá garawa wọ̀jà.

"Ẹ jẹ́ kí garawa lọ," ni ó wí.

"Okùn á bá a lọ!"

"Okùn wà lára òpó. Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ẹ́ bá a lọ."

Eero fi okùn sílẹ̀. Garawa já lulẹ̀ nínú kànga pẹ̀lú ariwo. Ruvini kọ ẹ̀yìn sí i, ó gbé ìkòkò kalẹ̀.

"Mi ò wò yín o. Ẹ fa etí ìró lọ sápá ọ̀tún kó le dáadáa. Ẹ ṣẹ́ ẹ po. Ẹ wá yí i sínú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ta kókó, kókó ò bá omi rẹ́."

Eero fà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó yí i sínú. Lẹ́yìn náà ni Ruvini gbọ́ ohùn kan bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn.

"Ó dúró!"

"Ẹ fò sókè ká wò ó."

Ó fò. Ìró dúró.

"Ó ti tó, ẹ má wá sọ ọ́ dijó. Ta ló kọ́ yín lédè wa?"

"Ìwé ni mo fi kọ́ ọ."

"Ìwé náà ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń wẹ̀?"

Ó pọn omi tirẹ̀, ó lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wọn kó tó jẹ́ kí ẹ̀rín bọ́.

Ilẹ̀ Finland ni Eero ti wá, níbi tí adágún ti máa ń di líle débi pé ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tíì tó wà lórí òkè ló gbà á fún ọdún méjì, kó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń gbẹ ewé. Ẹ̀rọ kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun kéékèèké ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èèrà gba ṣúgà rẹ̀. Bàtà aláwọ rẹ̀ hu èéhù funfun, bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i. Ìṣáná kò ràn. Ọmọńlé já láti òkè àjà sínú ife tíì rẹ̀. Bó bá gba inú oko tíì kọjá lásìkò òjò, eṣúṣú á ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ yó kó tó délé.

Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń gbé ìṣòro ọjọ́ náà wá sídìí ọgbà tó pín ilé méjèèjì.

"Kí ló tún dé lónìí?" ni Ruvini á bi í.

"Iyọ̀ mi ti domi."

"Ẹ da ìrẹsì díẹ̀ sínú rẹ̀."

"Kí ni ìrẹsì máa ṣe?"

"Á gba omi náà mu kí iyọ̀ tó rí i mu. Ṣé ẹ ò ní iyọ̀ nílẹ̀ yín ni?"

"Nílẹ̀ wa, òtútù ló ń bá wa tọ́jú ohun gbogbo."

"Àwa ò ní òtútù. Aládùúgbò la ní."

Ó kọ́ ọ pé kó gbé ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi nítorí èèrà. Ó ní kó fi ọṣẹ gbígbẹ pa ìbọ̀sẹ̀ nítorí eṣúṣú. Eero kì í gbà kó kọjá láìbéèrè ìdí, dídáhùn kì í sì í sú Ruvini, nítorí àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ kì í béèrè ìdí ohunkóhun.

Nígbà tó yá, ìṣòro tán. Síbẹ̀, Eero wá. Ó gbé ọwọ́ lé ọgbà.

"Kí ló bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́."

"Kí lẹ wá ń ṣe níbí?"

"Mo wá sọ fún ọ pé kò sóhun tó bàjẹ́."

Ruvini wò ó títí. Afẹ́fẹ́ gbé òórùn tíì gbígbẹ wá láti orí òkè.

"Ó dáa," ni ó wí. "Lọ́la náà, wá sọ ọ́ fún mi."

Ìyá Ruvini, Kusumawathi, ń ṣẹ́ ewé ọbẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì gbọ́.

"Ọkùnrin yẹn, ìṣòro rẹ̀ ti pọ̀ jù," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀ lálẹ́.

"Ó ti tán, Màmá."

"Èyí tó tán yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Bàbá rẹ̀, Wimalasena, tó ti wa bọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ló ní kí wọ́n pe àlejò náà wá bá wọn ṣọdún. Ó ní kò bójú mu kí ènìyàn jẹun ọdún ní òun nìkan.

Oṣù kẹrin ni ọdún tuntun wa. Àwọn awòràwọ̀ ló máa ń sọ ìṣẹ́jú tí gbogbo ilé yóò dáná, ìhà tí wọn yóò kọjú sí, àti àwọ̀ aṣọ tí wọn yóò wọ̀. Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ààrò gbogbo ìlú á tutù. Bó bá ti pé, ìyá ilé á ṣáná, á gbé ìkòkò tuntun tí wàrà kún inú rẹ̀ kaná. Wàrà náà gbọ́dọ̀ hó, kó sì ru kọjá ẹnu ìkòkò sílẹ̀. Bó bá ṣe ru ni ìbùkún ilé yóò ṣe ru lọ́dún náà.

Kusumawathi fún Eero ní àyè ẹ̀gbẹ́ ààrò gan-an, nítorí àlejò ni. Ruvini rò pé bàbá òun ti sọ bí ó ṣe ń lọ fún un. Bàbá rò pé Ruvini ti sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Nílé ìyá Eero, ọmọ tó bá jẹ́ kí wàrà ru, ọmọ náà ni yóò fọ ààrò. Ó rí i tí wàrà ń wú bọ̀. Ó rí i tí gbogbo wọn káwọ́ gbera tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ọkàn wọn kò sí níbẹ̀. Ó já aṣọ ìnuwọ́ gbà, ó sì gbé ìkòkò kúrò lórí iná.

Wàrà rọlẹ̀. Ẹ̀kán kan kò dà nù.

"Mo bá a lásìkò!" ni Eero wí, inú rẹ̀ dùn.

Níta, báńgà ọdún ń dún láti ilé dé ilé. Nínú ilé ìdáná yìí, ẹ̀rín músẹ́ ti kúrò lójú gbogbo wọn. Wimalasena wúkọ́. Kusumawathi gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà sórí iná, ṣùgbọ́n wàrà kì í gbọ́ ìkánjú. Nígbà tó máa fi ru, báńgà ti dákẹ́, ìṣẹ́jú ti kọjá. Kusumawathi bu ìrẹsì ọdún fún un, ó ní kó jẹun dáadáa, kò sì bá a wí rárá. Èyí gan-an ló jẹ́ kí Ruvini mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Kusumawathi ránṣẹ́ sí ẹbí kan ní ìlú Galle. Ó gba wákàtí ìbí ọmọkùnrin wọn, akọ̀wé báńkì kan, ó gbé e pẹ̀lú ti Ruvini lọ bá awòràwọ̀. Bí a bá ti béèrè wákàtí ìbí ọkùnrin nílẹ̀ wa, gbogbo ayé ti mọ̀ pé ọkọ ni a ń wá.

"Nítorí wàrà, Màmá?"

"Wàrà kọ́. Iṣẹ́ òyìnbó yẹn ń parí lóṣù kẹjọ. Yóò gbé ọ lọ síbi tí omi ti ń dòkúta, tàbí kó fi ọ́ sílẹ̀ síbí kó máa lọ. Bá mi yan ọ̀kan nínú méjèèjì."

Ruvini náà ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí tẹ́lẹ̀. Ó lọ sídìí ọgbà.

"Kí lo máa ṣe bí iṣẹ́ bá parí?"

Eero kì í parọ́. "Mi ò tíì mọ̀."

"Ìyẹn dáa fún ọ̀gá rẹ. Kò dáa fún mi."

Ruvini kò wá sídìí ọgbà mọ́. Eero ń wá, ó ń dúró, ó ń padà sílé.

Nínú oṣù kẹfà, ìjì wó igi àgbọn kan lé ilé ìdáná wọn lọ́sàn-án gangan. Kò pa ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n ìdajì òrùlé wọlẹ̀. Nígbà tí Eero sáré dé, Kusumawathi wà nínú òjò, ó ń kó ìkòkò rẹ̀ jọ.

"Páànù la máa fi bò ó," ni Wimalasena wí. "Ọjọ́ kan, ó parí."

Kusumawathi mọ bí páànù ṣe ń gbóná, àti ariwo rẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀.

Eero tẹ̀ ba, ó mú ọ̀kan nínú àwọn amọ̀ sísun tí wọ́n fi bo ilé náà látayébáyé, ó fi ìka kàn án. Ó dún gbọnranhin. Ó mú òmíràn, ó dún bí agbè tó sán. Ó fi ọ̀kan sápá ọ̀tún, ó ju èkejì sápá òsì.

"Èyí tó pọ̀ jù ṣì dára. A lè tún un tò."

"Á gbà wá lọ́pọ̀ oṣù, ọmọ mi," ni Wimalasena wí.

"Kó gbà á."

"Ṣebí oṣù kẹjọ lò ń lọ?" ni Kusumawathi bi í.

"Mo ti bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá. Mo ní kí wọ́n gbà mí bí wọ́n ṣe gba àwọn ará ibí, kí wọ́n má dá ọdún fún mi mọ́. Wọ́n ti gbà. Mi ò lọ síbì kankan. Bí Ruvini bá tiẹ̀ fẹ́ ará Galle, ìdí ọgbà yín lẹ ó máa bá mi, èmi àti iyọ̀ mi."

Kusumawathi wò ó, omi òjò ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ gbé àkàbà fún un," ni ó wí.

Wọ́n la igi àgbọn tó ṣubú náà, wọ́n fi èyí tó le lára rẹ̀ ṣe igi àjà. Wọ́n fọ èéhù kúrò lára amọ̀ kọ̀ọ̀kan. Etí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gòkè bọ̀: ìlà kan fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó la ikùn sókè láti gba omi lọ; ìlà kejì dojú bolẹ̀, ó bo àlàfo àárín wọn. Kò sí ìṣó, kò sí sìmẹ́ǹtì. Ìwúwo wọn ló ń di wọ́n mú. Bí Ruvini bá ti dé láti ilé ìwé, á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á máa na amọ̀ sókè fún un.

"Ìlà kẹta wọ́."

"Kò wọ́."

"Olùkọ́ ìṣirò ni mí o."

Eero wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó kùn, ó sì tú u.

"Ará Galle yẹn," ni ó wí láìwojú rẹ̀, "ṣé ó mọ èyí tò?"

"Ilé rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlétutù."

"Ó ti nà mí nìyẹn."

"Èmi kì í fẹ́ òtútù," ni Ruvini wí, ó sì na òmíràn sí i. "Mo ti sọ fún Màmá kí wọ́n ránṣẹ́ sí Galle pé mi ò fẹ́. Mú, ọwọ́ ń dùn mí, olówó orí ọ̀la."

Eero fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Oṣù kẹjọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí wọ́n to èyí tó kẹ́yìn sórí òkè téńté. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni òjò bẹ̀rẹ̀, òjò àrọ̀ìdabọ̀. Kusumawathi rìn yí ilé ìdáná rẹ̀ ká láti igun dé igun, ó na àtẹ́lẹwọ́ sókè ní ibi kọ̀ọ̀kan, ó ń dúró, ó ń wo ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ gbẹ. Lókè, ìró òjò lórí amọ̀ rọlẹ̀ bí ẹni ń fẹ́ ìrẹsì.

Ó bu tíì fún Eero. Ó jókòó.

"Wákàtí wo ni wọ́n bí ọ?"

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ Ruvini.

"Àárọ̀ ni, Màmá. Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Awòràwọ̀ kì í fi 'mo rò' ṣiṣẹ́. Pe ìyá rẹ."

Ó pe ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lórí fóònù, ó fi ìka dí etí kejì nítorí òjò. Èdè wọn ni wọ́n sọ. Ìyá náà béèrè nǹkan, Eero wo Ruvini, ó dáhùn, igbe ayọ̀ sì ta láti inú fóònù dé etí gbogbo wọn.

"Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀."

"Èwo ni 'díẹ̀'?"

Ó tún béèrè. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Kusumawathi mú agboòrùn, ó bọ́ sínú òjò, ó forí lé ọ̀nà ilé awòràwọ̀.

"Bí ìràwọ̀ bá ní rárá ńkọ́?" ni Ruvini bi bàbá rẹ̀.

Wimalasena mu tíì rẹ̀ tán kó tó fèsì. "Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, mi ò rí i rí kó jáde sínú òjò torí àtilọ gbọ́ 'rárá'."

Ruvini fi ọwọ́ rẹ̀ sínú ọwọ́ Eero tí eruku amọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rí i. Ó yí ojú sókè, ó ń wo òrùlé.